Ìdérí Epo Méjì: Àkọsílẹ̀ Fọ́tò Bugatti Kan Tí Wọ́n Tẹ̀ Lódì

Fọ́tò náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyá àgbàlagbà kan ló fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n fi fóònù yà á, iná yàrá sì ń tàn yanranyanran ní igun kan rẹ̀. Ọkọ̀ eré ìje ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó yà á sì dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà lápá kan. Orí koríko ni wọ́n gbé e sí, ọgbà onípákó wà níwájú lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkùnrin méjì dúró tì í. Èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré nínú wọn fọwọ́ lé ìrù ọkọ̀ náà bí ẹni fọwọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi nìyẹn," ni màmá kọ sí mi. "Mẹkáníìkì ni wọ́n nígbà èwe wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé ọkọ̀ tó gba ipò kìíní ní Monaco lọ́dún 1930 nìyí?"

Wọn ò ṣàdédé béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà: Bugatti 35B, Monaco 1930. Màmá sì ti kà nípa eré ọjọ́ yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1930, René Dreyfus wa Bugatti 35B tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ Bugatti fúnra rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà janlẹ̀, títí kan Louis Chiron tó jẹ́ ọmọ Monaco. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni táǹkì epo kejì tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Nígbà tí Chiron yà láti bu epo, Dreyfus ń bá tirẹ̀ lọ. Nínú fọ́tò màmá, ìdérí epo méjì ló hàn ní ìrù ọkọ̀. Ìdérí méjì, táǹkì méjì. Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn, ó sì bọ́gbọ́n mu.

Èmi náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ní láti sọ ìyẹn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà nínú iṣẹ́ dídá ọkọ̀ àtijọ́ mọ̀ látinú fọ́tò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi èmi náà.

Ẹni tí kò bá mọ ìdílé Bugatti lè rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó láti dá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Molsheim, ní ilẹ̀ Faransé, ni Ettore Bugatti ti ń ṣe wọ́n. Type 35 ló kọ́kọ́ dé, níbi Grand Prix ilẹ̀ Faransé tí wọ́n sá ní Lyon lọ́dún 1924, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tí wọ́n tò tẹ̀léra, 1,991 cc. Àwọn àbúrò rẹ̀ wá ń tẹ̀ lé e. 35A rọrùn jù ú lọ láti ṣe, rímù onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ń lò. 35T gba ẹ́ńjìnnì tó tóbi sí i. 35C gba supercharger, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. 35B gba méjèèjì pọ̀: 2,262 cc àti supercharger. Type 37 náà wà, irú ara kan náà ló gbé wọ̀, àmọ́ sílíńdà mẹ́rin péré ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọdún márùn-ún léraléra, láti 1925 dé 1929, Bugatti ló ń gba Targa Florio, eré orí òkè ní Sicily.

Ní 1931 ni Type 51 wá jáde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì jẹ́ 2,262 cc bíi ti 35B, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún orí rẹ̀ ṣe pátápátá, camshaft méjì, ìyẹn ọ̀pá tí ń yí láti ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, ló wà níbẹ̀ dípò ẹyọ kan. Bugatti ti gba ọkọ̀ Miller méjì lọ́wọ́ Leon Duray, awakọ̀ ará Amẹ́ríkà, lọ́dún 1929, láti ara ọkọ̀ méjì náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú orí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Type 51 tí wọ́n ṣe kò ju bíi 40 lọ. Ẹni tó bá sì wò ó lóde ara nìkan, ìbejì 35B ni. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, 2.40 mítà ni àwọn méjèèjì, nítorí náà rúlà tí mo máa ń kọ́kọ́ fi wọn ọkọ̀ inú fọ́tò kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá wà lójú fọ́tò, ìyàtọ̀ kéékèèké mélòó kan ló kù tí èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé, ìyẹn bí fọ́tò náà bá fi wọ́n hàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ màmá fún ni fọ́tò tó dára ju ti fóònù lọ. Mo ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò síkáànì rẹ̀ ní 1200 dpi, iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n má gé etí rẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn "tún un ṣe". Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò àtijọ́ ṣe máa ń nu àbàwọ́n kúrò, àwọn ohun tí mò ń wá kò sì tóbi ju àbàwọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó dé. Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọ̀ ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Láyé ìgbà yẹn, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ lórí pápá eré: búlúù fún Faransé, pupa fún Ítálì, àwọ̀ ewé fún Gẹ̀ẹ́sì, ìyeyè fún Bẹ́ljíọ̀mù, funfun fún Jámánì. Ṣé ọkọ̀ awakọ̀ ará Jámánì ni? Mo rántí pé fíìmù tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lò nígbà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní orthochromatic, kì í rí pupa rárá, ó sì máa ń rí búlúù ju bó ti yẹ lọ. Lójú rẹ̀, ọkọ̀ pupa àwọn ará Ítálì á dúdú bí èédú, búlúù àwọn Faransé á sì ṣí bí aṣọ aró tí oòrùn ti pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nọ́ḿbà tó wà lára ìrù ọkọ̀ náà ló ti èyí lẹ́yìn. Ó ṣòroó rí, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹfun kọ̀wé sára ògiri tí wọ́n ti fi ẹfun kùn. Nọ́ḿbà funfun lórí búlúù, lójú fíìmù orthochromatic, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí mo mú kí òkùnkùn inú àwòrán náà pọ̀ sí i nínú kọ̀ǹpútà, 8 ló yọ. Màmá ní láti kékeré ni àwọn ti ń wo fọ́tò yẹn, àwọn ò rí nọ́ḿbà kankan níbẹ̀ rí.

Mi ò pẹ́ lórí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Rímù alumíníọ́mù tó ní ọ̀pá pẹlẹbẹ mẹ́jọ, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ìlù bíréèkì rẹ̀, Bugatti nìyẹn. Alfa Romeo, Delage àti Maserati àsìkò yẹn, rímù onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn ń lò.

Rímù yìí náà ló wá ṣì mí lọ́nà. Mo sún mọ́ rímù ẹ̀yìn, mo rí ìlà àwọn ìdè kéékèèké tó yí etí rẹ̀ ká. Ìyẹn ni pé etí rímù náà ṣeé tú kúrò lára ìyókù. Bí Type 35 àti àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ti Type 51, odidi ni wọ́n dà á, kò sí ohun tí èèyàn máa tú. Inú mi dùn. Mo gbé ìwé, mo kọ "35B" sórí rẹ̀, mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdérí epo méjì ní ìrù ọkọ̀ jẹ́ àmì Type 51, torí pé ẹyọ kan ni 35B ń ní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé táǹkì ṣeé pààrọ̀, ẹnìkan lè ti gbé òmíràn sí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ lẹ́tà sí màmá pé 35B ni, pé ọdún 1930 ṣeé ṣe. Mi ò tíì fi í ránṣẹ́ tí oorun fi gbé mi lọ.

Ohun tó dá mi dúró láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni sítíárì. Apá òsì ni sítíárì ọkọ̀ náà wà nínú fọ́tò. Kò sí Bugatti Grand Prix kan nínú ìdílé yìí tó jáde ní Molsheim pẹ̀lú sítíárì lápá òsì. Apá ọ̀tún ni gbogbo wọn. Ọ̀pá bíréèkì ọwọ́, tó máa ń wà níta ara ọkọ̀ lápá ọ̀tún awakọ̀, apá òsì ni òun náà wà. Mo ti wo fọ́tò náà fún wákàtí mẹ́rin, mi ò rí i.

Mo wá yí ojú mi sí àwọn èèyàn inú rẹ̀. Bọ́tìnnì aṣọ ọkùnrin, apá ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n máa ń rán an sí, apá òsì aṣọ á wá bò ó. Nínú fọ́tò yìí, òdìkejì ni. Àpò àyà kóòtù, tó máa ń wà lápá òsì, ọ̀tún ló wà lára ọkùnrin tó dàgbà jù. Ọ̀ràn náà yé mi. Ẹni tó tẹ fọ́tò náà ló ti gbé ẹ̀yìn fíìmù síbi tí iwájú yẹ kó wà, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti yí sódì bí ojú inú dígí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé ara ọkọ̀ tàbí nọ́ḿbà ló máa ń tú àṣírí irú àṣìṣe yìí, torí pé kò sẹ́ni tó ń rí 4 tàbí 7 lódì tí kò ní mọ̀. Nọ́ḿbà tiwa sì jẹ́ 8, tó rí bákan náà níwájú lẹ́yìn. Ìwé orúkọ Bugatti wà níwájú ọkọ̀, ẹ̀yìn ni àwa sì ń wò.

Mo yí i padà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbẹ́ tí mo ti ń pè ní òsì láti àná di ọ̀tún, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bọ́nẹ́ẹ̀tì ni supercharger wà nínú ìdílé yìí. Ó ní fáàfù kan tó máa ń ṣí bí iná bá bú padà láti inú ẹ́ńjìnnì, kí agbára ìbúgbàù náà má bàa fọ́ ẹ̀rọ náà. Ihò roboto kan wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì tí fáàfù náà ń gbà mí síta. Lára 35B, òkè ni ihò náà wà. Lára Type 51, ó wá sí ìsàlẹ̀, sí àárín àwọn ojú ìmí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ooru ń gbà jáde. Nígbà tí mo gbà pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni mò ń wò, mi ò wá ihò kankan, torí pé kò yẹ kí ọ̀kan wà níbẹ̀. Báyìí mo wá a, ó sì wà níbẹ̀, nísàlẹ̀, láàárín àwọn ojú ìmí. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù pé ó lè jẹ́ àbàwọ́n lára fíìmù. Mo fi ọ̀pọ̀ àkókò wò ó. Etí rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ lápá ibi tí oòrùn ti ń wá, òjìji sì wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bọ́ sára gbogbo ohun yòókù nínú fọ́tò. Ìdọ̀tí epo ṣàn wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àbàwọ́n fíìmù kì í ní òjìji tirẹ̀.

Ìdérí epo wá di nǹkan mìíràn lójú mi. Mo padà sínú ìtàn Monaco tí màmá sọ. Táǹkì àfikún Dreyfus, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà, níbi tí mẹkáníìkì ì bá jókòó sí láyé àtijọ́. Ìdérí méjì inú fọ́tò yìí, ìrù ọkọ̀ ni wọ́n wà, lẹ́yìn awakọ̀, lórí táǹkì kan ṣoṣo. Ẹ̀rí tí màmá gbára lé jù lọ, ọ̀dọ̀ Type 51 ló ń tọ́ka sí.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ti tó láti yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan gbé sórí òmíràn. Táǹkì náà ṣeé pààrọ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ àná nígbà tó wù mí, mi ò sì lè wá sọ láàárọ̀ pé kò ṣeé ṣe mọ́. Mo nílò ohun kan tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ so mọ́lẹ̀.

Magneto ni nǹkan náà. Òun ló ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì, inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sì gbé e gbà nínú àwọn Bugatti wọ̀nyí, débi tí awakọ̀ ń rí ìdí rẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ìparí camshaft ló ń yí i. Níwọ̀n bí 35B ti ní camshaft kan ṣoṣo láàárín orí ẹ́ńjìnnì, àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ni magneto rẹ̀ ń yọ sí. Type 51 ní camshaft méjì, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, magneto rẹ̀ sì kúrò láàárín lọ sí òsì. Kò sí bí wọ́n ṣe lè sún un síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ oní-camshaft méjì.

Apá ọkùnrin tó dàgbà jù bo díẹ̀ lára dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n àyè tó ṣẹ́ kù tó. Ohun roboto dúdú kan wà níbẹ̀, ó tóbi ju gbogbo ojú aago tó yí i ká lọ, ó sì yọ síta. Ó wà lápá òsì àárín. Lálẹ́ àná, nígbà tí fọ́tò ṣì wà lódì, ọ̀tún ni mo rí i, kò bá Bugatti kankan mu, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago ńlá kan ni. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀, mi ò pa á rẹ́.

Rímù wá kù. Báwo ni Type 51 ṣe wọ rímù 35B? Ó rọrùn: àwọn rímù náà ń wọ ọkọ̀ méjèèjì. Bí táyà bá bẹ́, tí rímù tó wà nítòsí bá jẹ́ ti 35B, òun ni mẹkáníìkì yóò gbé sí i. Títí dòní, ọ̀pọ̀ Type 35 ló ń rìn lórí rímù Type 51, àwọn kan sì ń ṣe òdìkejì. Nínú gbogbo ohun tí mo wò lára ọkọ̀ yìí, rímù ló ṣeé yọ kíá jù, òun ni mo sì kọ́kọ́ gbà gbọ́, torí pé òun ló tóbi jù tó sì hàn jù lójú fọ́tò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń to àwọn àmì bí wọ́n ṣe ṣòro láti pààrọ̀ tó. Bí wọ́n ṣe hàn sójú tó kò sí nínú ìṣirò mi mọ́.

Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nìyí: ẹ́ńjìnnì Type 51 ló wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, nítorí náà kò lè ṣáájú 1931. Kò sì lè jẹ́ ọkọ̀ Dreyfus lọ́jọ́ eré 1930. Bóyá Molsheim ló ṣe é ní Type 51 láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí 35B kan ni tí ẹnìkan gbé ẹ́ńjìnnì Type 51 sí nígbà tó yá, fọ́tò yìí kò lè sọ ìyẹn. Nọ́ḿbà férémù wà lára àwo kékeré kan tí kò hàn níbí. Nọ́ḿbà 8 náà kò tó láti mú un dé ibi eré kan pàtó.

Mo kọ lẹ́tà tuntun sí màmá. Èsì wọn dé kíákíá: "Ṣé Monaco 1931 wá ni? Chiron ló gbà á lọ́dún yẹn, àbí?" Lóòótọ́ ni, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1931, Type 51 ni Chiron wà, ó sì tún gba Grand Prix ilẹ̀ Faransé ní Montlhéry pẹ̀lú Achille Varzi nínú oṣù kẹfà, wákàtí 10 gbáko ni wọ́n fi sá a. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má gbé ọkọ̀ yìí láti ìtàn ńlá kan lọ sínú òmíràn. Mo ní kí wọ́n bá mi wá fíìmù náà bó bá ṣì wà, tàbí àwọn fọ́tò mìíràn tí wọ́n yà lọ́jọ́ kan náà, torí pé ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú nọ́ḿbà wọn lè mú wa dé ibi eré tí ẹyọ kan kò lè mú wa dé.

"Ta wá ló kọ Monaco 1930 sẹ́yìn rẹ̀?" ni wọ́n béèrè. "Ṣé bàbá mi parọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo sọ fún wọn pé kò sí irọ́ níbẹ̀ lójú tèmi. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló máa ń kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò lọ́pọ̀ ìgbà, ọdún pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yà á, láti inú ìtàn tí wọ́n gbọ́ nídìí oúnjẹ. Mo ní kí wọ́n fi ìwé ọwọ́ náà wé èyí tó wà nínú lẹ́tà bàbá wọn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe ọwọ́ bàbá àwọn, ó jọ ti ẹ̀gbọ́n àwọn tó ti kú. Wọ́n fẹ́ pa á rẹ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wọn náà ti di ara ìtàn fọ́tò yìí, kí a kọ tiwa sórí pépà ọ̀tọ̀ kí a sì fi í sínú àpò ìwé kan náà.

Ohun tí a jọ kọ sórí pépà náà nìyí: Bugatti Type 51, tàbí 35B tó gbé ẹ́ńjìnnì Type 51. Nọ́ḿbà 8. Kò ṣáájú 1931. A kò mọ ibi eré. Àwọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ búlúù. Rímù rẹ̀ jẹ́ irú ti 35B. Wọ́n tẹ fọ́tò lódì. Ẹ yí i padà kí ẹ tó wò ó. Ẹni tó dúró lápá ọ̀tún lẹ́yìn tí ẹ bá yí i padà, tó fọwọ́ lé ìrù ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí epo kejì: bàbá ẹni tó ni fọ́tò, mẹkáníìkì.